Ọgbà Bartram

Ọgbà Bartram jẹ́ ọgbà ìmọ̀ ewéko tó wà ní etí odò Schuylkill ní ìlú Philadelphia, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. John Bartram (1699–1777), àgbẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker, ni ó ra ilẹ̀ náà ní 1728. A kà á sí ọgbà ewéko tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó ṣì wà ní orílẹ̀-èdè náà.

Ìtàn

Fúnra rẹ̀ ni Bartram kọ́ ìmọ̀ ewéko. Ó máa ń rin igbó kiri láti ṣa irúgbìn, yóò sì dì wọ́n sínú àpótí ránṣẹ́ sí Peter Collinson, oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àpótí kan sábà máa ń gba bí 100 oríṣi irúgbìn. Ní 1765, Ọba George Kẹta fi í ṣe onímọ̀ ewéko rẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà, pẹ̀lú owó pọ́n-ùn 50 lọ́dún.

Igi Franklinia

Igi yìí ni ó gbé orúkọ ọgbà náà ga jù. Ní 1765 kan náà, Bartram àti ọmọ rẹ̀, William, rí igi kékeré kan ní etí odò Altamaha ní ìpínlẹ̀ Georgia, tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. William tún padà débẹ̀ nínú ìrìn-àjò rẹ̀ ti 1773 sí 1777, ó sì kó irúgbìn igi náà wá sílé. Wọ́n fi orúkọ Benjamin Franklin, ọ̀rẹ́ ìdílé wọn, pè é. Láti 1803, ẹnikẹ́ni kò rí i nínú igbó mọ́, àwọn onímọ̀ kò sì tí ì fẹnu kò lórí ohun tó pa á run níbẹ̀. Gbogbo Franklinia tó wà láyé lónìí ni a gbà pé ó ṣẹ̀ wá láti inú irúgbìn tí ìdílé Bartram gbìn. Ìrìn-àjò ẹnì kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí igi náà di ohun àfìtàn sọ. Òdòdó rẹ̀ funfun, nǹkan bí oṣù Kẹjọ ni ó sì máa ń tanná.

Àbẹ̀wò

Ìjọba ìlú Philadelphia ni ó ni ọgbà náà láti 1891, wọn kì í sì í gba owó ẹnu ọ̀nà. Ilé olókùúta tí Bartram kọ́ ṣì dúró síbẹ̀, pẹ̀lú igi ginkgo kan tó ti wà níbẹ̀ láti 1785. Oko Sankofa, tí orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè Akan, wà nínú ọgbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbin ohun ọ̀gbìn àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lẹ́yìn odi níbẹ̀. Omi òkun ni ó ń mú kí odò náà kún kí ó sì fà lójoojúmọ́, àwọn àlejò sì lè tukọ̀ lórí rẹ̀.