Bí Èso Khella Ṣe Di Oògùn Ásímà

Khella jẹ́ ewéko tó ń hù ní Íjíbítì àti ní àwọn ilẹ̀ tó yí Òkun Mẹditaréníà ká. Ammi visnaga ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Bí òdòdó rẹ̀ bá gbẹ, igi tín-ín-rín inú rẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń tayín. Èso rẹ̀ ni wọ́n máa ń sè mu bí òkúta bá há sínú kíndìnrín, nítorí pé ó máa ń dẹ iṣan tó bá fún pọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1945, òṣìṣẹ́ kan ní yàrá àyẹ̀wò Gleb Anrep, ọmọ Rọ́ṣíà tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cairo, mu àgbo khella nítorí òkúta inú. Àyà tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀ rọlẹ̀. Anrep àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rí i pé khellin, èròjà inú èso náà, ń la òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn, ó sì ń la ọ̀nà èémí pẹ̀lú. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn alásímà ní khellin, àmọ́ ó máa ń rìn wọ́n lọ́kàn.

Chromone ni khellin. Chromone yìí kan náà ni òpómúléró tí flavone dúró lé, flavone sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé flavonoid tó pọ̀ nínú ewé, èso àti àlùbọ́sà. Ní Holmes Chapel, ní Cheshire ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Bengers, tó wà lábẹ́ Fisons, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn èròjà tó fara jọ khellin, kí wọ́n lè rí èyí tí kò ní máa rin èèyàn lọ́kàn.

Roger Altounyan, dókítà tí wọ́n bí ní Síríà ní 1922, dé ibẹ̀ ní 1956. Alásímà ni òun fúnra rẹ̀. Bí ohun tí ara alásímà kò gbà bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀nà èémí á fún, á wú, ikun á sì dí i. Irun guinea pig ni ara Altounyan kò gbà. Ó máa ń fa omi tí wọ́n fi irun náà ṣe símú, á sì wọn bí atẹ́gùn tó lè mí jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe dínkù tó.

Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n fi ẹranko ṣe, èròjà tí kò bá la ọ̀nà èémí ni wọ́n ń kà sí aláìwúlò. Altounyan yí ìbéèrè náà padà. Kí ikọlù tó dé ló ń lo èròjà náà, tó fi ń mọ̀ bóyá ó lè dènà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dán àwọn èròjà wò lára ara rẹ̀. Ní 1965 ni wọ́n ṣe èyí tó ń jẹ́ sodium cromoglycate, tí chromone méjì so pọ̀ nínú rẹ̀. Kò la ọ̀nà tó ti dí, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó dí.

Bí èèyàn bá gbé e mì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ó ní láti jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tí a ń fà símú. Altounyan, tó ti kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú níṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fi abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ṣe àwòkọ́ṣe ẹ̀rọ Spinhaler. Bí aláìsàn bá fa èémí, abẹ̀bẹ̀ náà á yí, á sì fọ́n mílígíráàmù 20 oògùn náà jáde láti inú kápúsù. Ìwé ìròyìn Lancet gbé èsì àyẹ̀wò rẹ̀ lára àwọn aláìsàn jáde ní 1967. Ní 1968, wọ́n gbé oògùn náà jáde ní Bìrìtìkó pẹ̀lú orúkọ Intal. Ní 1973, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i.

Ìwádìí lórí iṣẹ́ rẹ̀ dá àwọn onímọ̀ padà sọ́dọ̀ flavonoid. Ní ọ̀nà èémí, mast cell ni sẹ́ẹ̀lì tó máa ń tú histamine, èròjà tó ń mú kí ọ̀nà èémí fún kó sì wú, síta bí ohun tí ara kò gbà bá kàn án. Ní 1977, Fewtrell àti Gomperts fi hàn pé àwọn flavonoid kan, tí quercetin inú àlùbọ́sà wà lára wọn, ń dí mast cell eku lọ́wọ́ láti tú histamine. Lẹ́yìn náà, èròjà inú funfun ẹyin ni wọ́n sábà máa ń fi dá àìsàn tó jọ ásímà sílẹ̀ lára eku, kí wọ́n tó fún un ní flavonoid láti mọ̀ bóyá wíwú ẹ̀dọ̀fóró á dínkù. Nínú ọ̀pọ̀ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ó ń dínkù. Ṣùgbọ́n quercetin kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ èèyàn láti inú ìfun, flavonoid kankan kò sì tíì gba ipò oògùn ásímà tí àwọn dókítà ń kọ́kọ́ fún aláìsàn.