Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí kọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí

Ìtàn ni mo gbé wá lónìí, ó sì kan ìdí tí gbogbo wa fi ń jókòó sọ́jà. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Denis Burkitt, ọmọ Ireland, tó ṣiṣẹ́ ní Uganda. Ojú kan ṣoṣo ló ní, àmọ́ ó ríran ju ọ̀pọ̀ olójú méjì lọ. Ó ṣàkíyèsí pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá tó ń pa àwọn òyìnbó ò wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú. Lọ́dún 1971, ó kọ ọ́ jáde pé oúnjẹ wa ló fà á: ọkà tá ò bó èèpo ẹ̀ tán, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ tètè jáde.

Ní Ìbàdàn, UCH ti ń kọ orúkọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀ láti 1960. Ti ìfun kéré nínú ìwé náà. Bó ṣe di pé a ń pè é ní àìsàn òyìnbó nìyẹn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ju ọ̀rọ̀ Burkitt nù o. Àmọ́ ẹni tó dé ilé ìwòsàn nìwé ilé ìwòsàn ń kà. Ẹni tó mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ní gáréèjì títí tó fi kú sílé, ta ló kọ orúkọ ẹ̀?

Láti ìgbà yẹn ni iye tí wọ́n ń rí ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì pé ọdún 50. Ìgbà tó bá ti pẹ́ ni wọ́n sábà ń wá. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìsàlẹ̀ pátápátá, nítòsí ihò ìdí, ló ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà. Ìka dókítà tó wọ ìbọ̀wọ́ lè kan púpọ̀ nínú ẹ̀! Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ìtìjú ni ò jẹ́ ká lọ.

Láti nǹkan bí 2013, àwọn dókítà OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Memorial Sloan Kettering, New York, ti jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Wọ́n fi okùn tó ní kámẹ́rà wo ìfun àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ wọn jáde. Wọ́n bá jẹjẹrẹ lára àwọn kan.

Ẹnì kan bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí yàtọ̀ sí tibí. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Bó bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, tàbí tí ìgbẹ́ ń jáde tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tẹ́ ẹ kàn ń rù, ẹ lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà ní Minna, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ ìdí yín wò.