Gbígba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ aṣàwárí neutrino

Gbígba ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ aṣàwárí abẹ́ ilẹ̀ ń gbà mọ̀ pé neutrino kọjá. Neutrino jẹ́ ègé tín-ín-tìn-tín tó sábà máa ń la ayé já láìkan nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kọlu omi tàbí òróró inú ẹ̀rọ, tí ìmọ́lẹ̀ bíńtín á sì kọ. Àpáta orí ẹ̀rọ ló ń dí àwọn ègé mìíràn láti òfuurufú lọ́wọ́.

Nílẹ̀ Áfíríkà, inú kòtò ìwakùsà wúrà East Rand ní South Africa, tó jìn ju kìlómítà 3 lọ, ni àwọn onímọ̀ físíìsì Frederick Reines àti Friedel Sellschop ti rí neutrino òfuurufú ní 1965.

Super-Kamiokande ní Japan, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1996, gba omi 50,000 tọ́ọ̀nù, pẹ̀lú ojú gíláàsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀, bí 11,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú gíláàsì náà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á já jáde, iná mànàmáná á sì sọ ọ́ di nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ní 2001, ojú kan fọ́ lábẹ́ omi, ìgbì rẹ̀ sì fọ́ èyí tó lé ní 6,000. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ike bo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú ẹ̀rọ SNO ti Kánádà, wọ́n fi dígí tó ń darí ìmọ́lẹ̀ yí ojú kọ̀ọ̀kan ká. JUNO ti Ṣáínà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, to ojú gíláàsì pọ̀ tó fi bo ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ògiri rẹ̀. Omi mímọ́ gaara ṣe kókó bákan náà, nítorí ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì.