Ẹyẹ Orí Adé: Òpó Ààfin Ọgọ́gà ti Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹyẹ tí a fi igi gbẹ́, tí a sì fi ọwọ́ kùn ní ọ̀dà, ní ohun tí ó ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan ní ilẹ̀ Èkìtì.

Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ: Olówè ará Ìsẹ̀ ni. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Láàrin ọdún 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ òpó yìí fún ààfin Ọgọ́gà.

Bí ó ṣe rí: Ọba jókòó, ó dé adé. Ẹyẹ ńlá kan wà lórí adé náà. Olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ, ó sì di ìtẹ́ mú.

Ìtumọ̀ rẹ̀: Ẹyẹ orí adé dúró fún agbára àwọn ìyá wa. Bí wọn kò bá sí lẹ́yìn ọba, ìlú kò lè tòrò. Òwe wa ní, “Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.” Ọba ni apá kan, àwọn obìnrin ni apá kejì.

Ibi tí ó wà: Láti ọdún 1984 ni òpó náà ti wà ní Art Institute of Chicago, ní Amẹ́ríkà. Bí òpó bá lọ, ìtumọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ọmọ.

Ìbéèrè: Kí ni ìdí tí Olówè fi gbẹ́ olorì ga ju ọba lọ?