Ìbọn Gba Ogun, Idà Gba Ààfin

Ẹ wo àwọn idà Yorùbá àtijọ́ tí àwọn olùkójọ nǹkan àtijọ́ ń rà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ wọn ló fẹ̀, tó wúwo, tí ọnà idẹ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ sì bo èèkù tàbí àkọ̀ wọn. Ta ló ń gbé irú èyí lọ sójú ogun? Ìtàn Ìjẹ̀bú lè ràn wá lọ́wọ́.

Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń rọ àdá fún àgbẹ̀ náà ló ń rọ idà fún jagunjagun. Bí idà bá fẹ̀ níwájú ju ìdí lọ, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ máa ń wà, ohun tó bá sì bà ló ń gé. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó dárúkọ ọfà olóró, jómọ̀ àti àgedengbe mọ́ ohun ìjà ayé ìgbà tí ìbọn kò tíì dé.

Ìjẹ̀bú sún mọ́ ọ̀sà, ohun òyìnbó sì tètè ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Láàárín 1505 sí 1508, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tí yàrà yí ká, tó pè ní Geebuu. Ó ní ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 ni wọ́n fi ń ra ẹrú kan níbẹ̀. Bí a bá ń yin ọnà idẹ ara idà, kí a má gbàgbé iye yẹn.

Lẹ́yìn náà ni ìbọn dé. Nígbà ogun Òwu, ní àwọn ọdún 1820, àwọn ará Òwu tí ìjà ojúkojú mọ́ lára kọ lu ọmọ ogun Ìjẹ̀bú. Johnson ní ìbọn ló dá wọn dúró. Títí di òní, bí àwọn ìdílé Balógun bá gun ẹṣin dé Ojúde Ọba, ìró ìbọn ni à ń gbọ́.

Kì í ṣe pé ààfin kò ní idà tẹ́lẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, àwọn ìjòyè a máa so udamalore mọ́ ìbàdí, eyín erin ni wọ́n sì fi ṣe òmíràn nínú wọn. Ta ni yóò fi eyín erin jagun? Ipò ni ó ń fi hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọn gba ojú ogun, iṣẹ́ ààfin àti ti ojúbọ Ògún ló kù fún idà, ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà sì wá ju ti jagunjagun lọ lára rẹ̀. Ó jọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ìjà kan ní 1827 ló sọ ọ̀bẹ ńlá James Bowie di olókìkí, àwọn alágbẹ̀dẹ Sheffield sì rọ irú rẹ̀ tà lọ́pọ̀. Nígbà tí ìbọn ìléwọ́ gbilẹ̀, ó di ohun tí à ń kó jọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèkù wa ti wà lọ́wọ́ ẹni tó rà á lókè òkun. Síbẹ̀, àwa náà lè bèèrè: ta ló rọ ọ́, ìjòyè wo ló so ó, kí ni wọ́n fi ra idẹ rẹ̀? Bí ẹ bá lọ sílé lásìkò ìsinmi, ẹ bi àwọn alágbẹ̀dẹ tó kù ládùúgbò yín.