Agogo ẹnu ọ̀nà oníkámẹ́rà

Agogo ẹnu ọ̀nà oníkámẹ́rà jẹ́ bọ́tìnnì agogo tí a so kámẹ́rà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti Wi-Fi mọ́, tí ó ń fi àwòrán àti ohùn ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ránṣẹ́ sórí fóònù onílé. Bí a bá fi rọ́pò bọ́tìnnì àtijọ́, ó lè máa lu agogo tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, kí ó sì máa gba iná láti ara wáyà agogo náà. Ní Erékùṣù Èkó àti Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí onílé mọ̀ ni irú iná tó wà nínú wáyà yẹn, nítorí àṣìṣe níbẹ̀ lè jó ẹ̀rọ náà, ó sì lè pa ènìyàn.

Ìtàn

Kí agogo tó dé, àgò ni àlejò máa ń ké lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó wà nínú ilé a sì dáhùn pé "Àgò yà o." Joseph Henry, ará Amẹ́ríkà, ṣe agogo oníná ní ọdún 1831, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì dé Èkó ní 1896. Ní 1966, Marie Van Brittan Brown, nọ́ọ̀sì kan ní Queens, ìlú New York, àti ọkọ rẹ̀ Albert, gbé ìhùmọ̀ kan kalẹ̀: kámẹ́rà tí ń yọjú láti ihò ara ilẹ̀kùn, tí ó ń fi àlejò hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá. Ohun tó sún un ṣe é ni pé ọlọ́pàá kì í tètè dé sí àdúgbò rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 2 Oṣù Kejìlá 1969.

Irú agogo tó wà nílé

Agogo kan wà tí ń gba iná fóltì 240 tààrà láti inú ilé. Bọ́tìnnì rẹ̀ sábà máa ń rí bíi súìsì gílóòbù, àmì agogo ló kàn wà lára rẹ̀. A kò gbọdọ̀ so kámẹ́rà mọ́ wáyà irú agogo yìí láé. Òmíràn ní tiransifọ́mà tí ń dín iná náà kù sí fóltì 8, 12, 16 tàbí 24. Èyí tí ń lo bátìrì láìní wáyà kò ní ohun tí a lè so mọ́.

Ọ̀pọ̀ agogo oníkámẹ́rà tó ń lo wáyà ń fẹ́ fóltì 16 sí 24. Tiransifọ́mà fóltì 8 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò kò lè gbé e: ó lè ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, kí ó sì máa kú lóru nígbà tí iná tí kámẹ́rà fi ń ríran nínú òkùnkùn bá tàn. Iná tó lọ sílẹ̀ tún ń dá kún un. Bí fóltì 240 bá wálẹ̀ sí 180, tiransifọ́mà tó yẹ kó mú 16 jáde yóò mú nǹkan bíi 12 péré wá.

Ìsopọ̀

Pípa iná NEPA (orúkọ tí àwọn ará Èkó kò fi sílẹ̀) nìkan kò tó. Inverter máa ń gbaṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn nínú ọgbà sì lè tan jẹnẹrétọ̀. Oníṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ pa gbogbo wọn, kí ó sì fi tẹ́sítà yẹ wáyà wò kí ó tó fọwọ́ kàn án. Bí agogo fóltì 240 ló wà níbẹ̀, a ó yọ ọ́, a ó fi tiransifọ́mà àti agogo tó bá a mu sí i.

Lẹ́yìn èyí, wáyà kan láti ara tiransifọ́mà yóò lọ sí ojú "Trans" lára agogo, èkejì yóò lọ sí kámẹ́rà, wáyà kẹta yóò sì ti ara kámẹ́rà padà sí ojú "Front". Bọ́tìnnì àtijọ́ ń jẹ́ kí iná kọjá nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ nìkan, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń fẹ́ iná nígbà gbogbo. Iná díẹ̀ yóò máa gba inú agogo kọjá ṣáá, agogo náà á sì lè máa kùn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi sábà máa ń fi àpótí kékeré kan kún un, èyí tí a ń so sáàárín "Trans" àti "Front", kí iná kámẹ́rà lè yà fún agogo títí a ó fi tẹ bọ́tìnnì.

Èyí tí kò ní bátìrì nínú yóò kú bí wọ́n bá mú iná lọ. Kí tiransifọ́mà àti ẹ̀rọ Wi-Fi wà lórí inverter ni ọ̀nà àbáyọ. Ògiri nínípọn àwọn ilé àtijọ́ tún máa ń dí Wi-Fi lọ́wọ́, bíi ti àwọn ilé Pópó Àgùdà tí àwọn tó padà dé láti Bùràsíìlì kọ́.

Ojú kámẹ́rà àti aládùúgbò

Abala 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú àti ilé rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 yọ lílò nínú ilé ẹni sílẹ̀, bí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ yẹn lójú. Ọ̀rọ̀ náà le jù ní agbo-ilé Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé: àwòrán gbogbo ará ilé àti àlejò wọn yóò máa wà lórí fóònù ẹnìkan ṣoṣo, àyàfi bí àwọn àgbà ilé bá ti fẹnu kò ṣáájú lórí ẹni tí yóò máa wò ó àti ibi tí kámẹ́rà náà yóò kọjú sí.