Ìpèsè àti òwò epo pupa tó wà pẹ́ títí ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìpèsè àti òwò epo pupa tó wà pẹ́ títí ni ọ̀nà tí a fi ń gbin ọ̀pẹ, tí a fi ń ṣe epo, tí a sì fi ń tà á láìba ilẹ̀, omi àti igbó jẹ́, àti láìfi èrè iṣẹ́ du àwọn àgbẹ̀ àti àwọn obìnrin tó ń ṣe é. Ní Indonéṣíà àti Màléṣíà, orí igbó tí a pa run fún oko ọ̀pẹ ńlá ni ọ̀rọ̀ náà dá lé jù. Ní ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, láti Ìjẹdẹ̀ ní Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ó yàtọ̀: ilẹ̀ ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ ni ilé àti ilé-iṣẹ́ ń gbà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Igi ọ̀pẹ àti ìlò rẹ̀

Ọ̀pẹ, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Elaeis guineensis, jẹ́ igi ìbílẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lára ẹran ẹyìn ni a ti ń rí epo pupa. Inú ekùrọ́ ni a ti ń rí àdín. A ń fi imọ̀ rẹ̀ bo ilé àti ọgbà, a ń fi ọwọ̀ rẹ̀ gbálẹ̀, a ń dá ẹmu lára rẹ̀, a sì ń fi ìhá ṣe ògùṣọ̀. Lára ọ̀pẹ Ifá ni ikin tí àwọn babaláwo ń lò ti ń wá.

Nínú oko tí a tọ́jú dáadáa, hẹ́kítà ọ̀pẹ kan lè mú epo tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin wá lọ́dún, nígbà tí epo sóyà láti orí ilẹ̀ tó tóbi bẹ́ẹ̀ kì í tó tọ́ọ̀nù kan. Nítorí náà, bí ayé bá kọ epo ọ̀pẹ sílẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ tó pọ̀ ju èyí tí ọ̀pẹ ń lò lọ ni yóò gbà láti rí epo mìíràn dípò rẹ̀.

Ìtàn

Òwò lórí ọ̀sà

Lẹ́yìn tí ìjọba Britain fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, epo pupa di ọjà pàtàkì tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń wá ní etíkun Áfíríkà, nítorí ọṣẹ, àbẹ́là àti gíríìsì ẹ̀rọ. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Britain kọlu Èkó ní 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń bá òwò lọ, tí wọ́n ń gbé epo gba èbúté Palma létí òkun. Nínú Àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ti ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí orí ìtẹ́ Èkó, Kọ́ńsù Benjamin Campbell sì gbà pé Palma jẹ́ èbúté òwò rẹ̀.

Ìkòròdú náà wà lójú ọ̀nà epo. Ní 1864, àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà nítorí ìjà lórí ẹni tí yóò darí ọ̀nà òwò láti òkè lọ sí Èkó. Àwọn ọmọ ogun tí John Glover rán ló tú wọn ká ní 1865. Ọjà Èjìnrìn, nítòsí Ẹ̀pẹ́, jẹ́ ibi tí àwọn ará Ìjẹ̀bú ti ń bá àwọn oníṣòwò Èkó pàdé létí ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 àti ọ̀nà mọ́tò tó tẹ̀lé e ló dín agbára irú ọjà bẹ́ẹ̀ kù.

Epo ni a fẹ́ kó rọ́pò òwò ẹrú, ṣùgbọ́n ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ká ẹyìn, tó ń ṣe epo, tó sì ń rù ú dé etí omi ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè nípa ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń jèrè ti wà nínú òwò yìí.

Láti ipò àkọ́kọ́ sí ipò ẹ̀yìn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, William Lever, oníṣòwò ọṣẹ, béèrè ilẹ̀ fún oko ọ̀pẹ ńlá ní àwọn ilẹ̀ amúnisìn Britain ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ìjọba kò gbà fún un. Ó kọjá sí Kóńgò ti àwọn Bẹ́ljíọ̀mù ní 1911. Bí ilẹ̀ ọ̀pẹ Nàìjíríà ṣe wà lọ́wọ́ àwọn ẹbí nìyẹn. Ní 1939 ni a dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ nítòsí ìlú Benin. Ó di WAIFOR ní 1951, ó sì di NIFOR ní 1964.

Ní apá kejì ayé, ọ̀pẹ mẹ́rin tí a gbìn sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java ní 1848 ló di ìpilẹ̀ oko ọ̀pẹ Gúúsù-Ìlà-oòrùn Éṣíà. Màléṣíà bẹ̀rẹ̀ oko ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Tennamaram ní 1917. Nàìjíríà ló ṣì ń ṣíwájú nínú ìpèsè epo pupa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Owó kékeré tí àjọ ọjà ìjọba ń san fún àgbẹ̀, Ogun Abẹ́lé (1967–1970) tó jà ní ilẹ̀ ọ̀pẹ gúúsù-ìlà-oòrùn, àti bí ìjọba ṣe gbájú mọ́ epo rọ̀bì, ló fà á sẹ́yìn. Lóde òní, Indonéṣíà àti Màléṣíà ń pèsè ju 80% epo ọ̀pẹ ayé lọ, Nàìjíríà sì ń ra epo láti òkèèrè kún tirẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe epo

Ọkùnrin ló sábà máa ń fi igbà gun ọ̀pẹ láti gé ìdì ẹyìn. Obìnrin ló sábà máa ń ṣe epo. A óò já ẹyìn kúrò lára ìdì, a óò sè é títí yóò fi rọ̀, a óò gún un nínú odó tàbí kí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ẹbu. A óò fi omi fọ̀ ọ́ kí epo lè léfòó, a óò sì gbọ́n epo náà sórí iná láti gbẹ omi inú rẹ̀. Ìhá àti ekùrọ́ ni yóò ṣẹ́kù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ ti rọ́pò odó. Bí ẹyìn tí a ti gé bá pẹ́ jù kí a tó sè é, epo rẹ̀ yóò kan, iye rẹ̀ yóò sì dín kù.

Àwọn ìṣòro

Ilẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí Èkó ṣe ń gbòòrò sí ìhà Ìkòròdú, Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́, owó tí ẹbí lè rí lórí ilẹ̀ ilé ju èyí tí ọ̀pẹ lè mú wá ní ọdún púpọ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣe epo lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, pàápàá obìnrin, kì í sábà ní ìpín nínú owó náà.

Ọ̀pẹ àtijọ́. Ọ̀pẹ tó hù fúnra rẹ̀ máa ń ga, ó máa ń ṣòro gùn, ẹran ẹyìn rẹ̀ sì tín-ín-rín.

Igi ìdáná àti omi. Sísè ẹyìn ń jẹ igi púpọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, tọ́ọ̀nù epo kan lè mú omi ìdọ̀tí tó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ jáde. Bí omi yìí bá ṣàn sínú odò, ó ń gba afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ ẹja lọ́wọ́. Nínú kòtò tí a kò bò, ó ń tú gáàsì mẹ́tẹ́ẹ̀nì sójú ọ̀run.

Àbùlà. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa àwọn tó ń fi aró Sudan IV, tí kì í ṣe ohun jíjẹ, pa epo láró kí ó lè pupa. Ó ń wu ẹni tó rà á léwu, ó sì ń ba ọjà olóòótọ́ jẹ́.

Àwọn ọ̀nà àbáyọ

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí a gbin ọ̀pẹ titun rọ́pò àwọn tó ti darúgbó, kí a má ṣe gé igbó titun. Irú tí a ń pè ní tenera, ọmọ dura àti pisifera, ní ẹran púpọ̀ àti èèpo ekùrọ́ tín-ín-rín, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Kò yẹ kí a gbin ekùrọ́ tí a ṣà lábẹ́ tenera, nítorí nǹkan bí ìdá mẹ́rin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò padà di dura, ìdá mẹ́rin mìíràn yóò sì di pisifera, tí kì í sábà so dáadáa. Ọ̀dọ̀ NIFOR tàbí olùtajà tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé ni a ti ń gba irúgbìn. Kí ọ̀pẹ tó borí ilẹ̀, a lè gbin àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ sáàárín rẹ̀ kí owó má baà dá.

Ní ẹbu, a lè fi ìhá àti èèpo ekùrọ́ dáná dípò igi igbó. Ìdì ẹyìn tí a ti já di ajílẹ̀ lóko. Eérú rẹ̀ sì wà lára ohun tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Omi ìdọ̀tí yẹ kó wọ kòtò tó jìnnà sí odò àti kànga. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè pawọ́ pọ̀ ra ẹ̀rọ ìfúnpọ̀, kí ó sì tọ́jú epo láti ìgbà ẹyìn, nígbà tí owó rẹ̀ ń já wálẹ̀, di ìgbà tí ó wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn obìnrin lè pàdánù epo àti ekùrọ́ tó jẹ́ owó ọwọ́ wọn. Ohun tó fa ìwọ́de àwọn obìnrin lòdì sí ẹ̀rọ epo ìjọba ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1940 nìyẹn.

Ìwé ẹ̀rí àti òfin àgbáyé

Ní 2004 ni a dá RSPO sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí àgbẹ̀, oníṣòwò, báńkì àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká jọ wà nínú rẹ̀, tó ń fún oko àti ilé-iṣẹ́ epo ní ìwé ẹ̀rí. Ìlànà rẹ̀ ti 2018 ka pípa igbó run léèwọ̀. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà méje fọwọ́ sí Ìkéde Marrakesh lórí epo ọ̀pẹ ní 2016. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2023 sì kọ epo tó wá láti orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ rọrùn fún ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ta epo sí òkèèrè ju ti alágbẹ̀ kékeré lọ, nítorí àyẹ̀wò àti àkọsílẹ̀ ń náni lówó. Ìdí nìyẹn tí RSPO fi gbà kí àwọn àgbẹ̀ kékeré jọ gba ìwé ẹ̀rí ní ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà ilé ni ọ̀pọ̀ epo Nàìjíríà ń lọ, àwọn tó ń rà á ní kẹ́ẹ̀gì kì í sì béèrè ìwé ẹ̀rí. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọwọ́ àwọn ẹbí onílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn elépo àti ìjọba tó ń pín ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wà, ju ọwọ́ oníbàárà òkèèrè lọ.